Ẹ̀san Tó Lé Àwọn Olóore Lọ

Ọkùnrin kan wà tó ń kàwé gboyè kejì ní yunifásítì. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló mọ̀ kó tó débẹ̀. Nínú kíláàsì rẹ̀, wọ́n kó àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà, àwọn tó mọ ètò ọrọ̀ ajé àti àwọn tó mọ ìhùwàsí ẹ̀dá pọ̀, kí wọ́n lè jọ kọ́ bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀san lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ọkàn àwọn ènìyàn yóò fi máa fà sí ohun rere.

Wọ́n gbé iṣẹ́ kan lé òun àti arábìnrin kan tó kọ́ ìhùwàsí ẹ̀dá lọ́wọ́. Ìkànnì kan wà tí àwọn òbí tí ọmọ wọn ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti ń béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ara wọn. Ìdáhùn kì í pọ̀ níbẹ̀, ó sì máa ń pẹ́. Àwọn olùkọ́ ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ọkùnrin náà ní kí gbogbo ẹni tó bá dáhùn máa gba ìràwọ̀, kí orúkọ ẹni tí ìràwọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù sì máa wà lókè.

Arábìnrin náà ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi àwọn tó ti ń dáhùn léèrè ìdí tí wọ́n fi ń dáhùn."

"Kí la fẹ́ bi wọ́n? Ohun tá a bá ń yin èèyàn sí ni yóò máa ṣe." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ ìhùwàsí ẹ̀dá."

Arábìnrin náà gbà fún un. Wọ́n fi ìràwọ̀ sí i, ìdáhùn sì ń wọlé bí òjò. Àwọn olùkọ́ yìn wọ́n. Inú ọkùnrin náà dùn débi pé kò ṣàkíyèsí pé orúkọ Ìyá Fadérera, ọ̀kan lára àwọn tó ti ń dáhùn níbẹ̀ tipẹ́, ti lọ sísàlẹ̀ pátápátá.

Àrùn yìí ló pa ọmọ ìyá yìí. Tí òbí kan bá kọ̀wé, kì í yára fèsì. Yóò béèrè ìbéèrè, yóò tún béèrè, kò sì ní fi onítọ̀hún sílẹ̀ títí ara ọmọ yóò fi balẹ̀. Nígbà tó yá, kò wá mọ́. Àwọn tó dà bíi rẹ̀ náà ò wá mọ́.

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan kọ ọ́ pé orí ń fọ́ ọmọbìnrin òun, ó sì ní apá rẹ̀ kan wúwo. Kíá ni ìdáhùn dé. "Ẹ fún un lómi." "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." "Ó máa lọ." Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ẹnu ọmọ náà ti wọ́, bó ṣe máa ń rí tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó gbé e lọ sí ọsibítù. Ìgbà tí wọ́n fi gbé e débẹ̀, ó ti pẹ́. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n apá náà kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́, kò lè jẹun. Ó yọ gbogbo ìràwọ̀ kúrò. Ó bẹ arábìnrin náà pé kó sin òun lọ sílé Ìyá Fadérera. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà.

"Ẹ dákun, mà, ẹ padà wá. A ti yọ ọ́ kúrò."

"Dìde, ọmọ mi. Mi ò bínú." Ìyá náà fi ọwọ́ nu ojú. "Nítorí ọmọ mi tó lọ ni mo ṣe ń ṣe é. Nígbà tẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìràwọ̀ kà á, mo rí i pé èmi náà ti ń wo ìràwọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo pa ìyá kan tó ń sunkún tì, kí n lè lọ dá ẹlòmíì lóhùn. Ojú ara mi tì mí. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣe é bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́."

Kò padà. Àwọn yòókù náà ò padà.

Ìwọ tí wọ́n fi ṣe olórí àwọn ènìyàn, tó o sì ń wá ohun tí wàá fi kóríyá fún wọn, fara balẹ̀. Kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń mú wọn ṣe oore nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Bí ẹni tó jókòó tì ọ́ bá sì ń kìlọ̀ fún ọ, má fi í rẹ́rìn-ín. O lè gba ẹ̀bùn tó o gbé kalẹ̀ padà nígbàkigbà tó o bá fẹ́. Ohun tí ẹ̀bùn náà lé kúrò nínú ọkàn wọn, ìwọ kọ́ lo fi síbẹ̀, o ò sì ní lè dá a padà.