Ọdẹ́dìran, Ẹni Tí Ó Da Àwọn Àgùfọn

Ọjọ́ kẹta rèé tí àwọn ẹlẹ́ṣin akónilẹ́rú ti ń lépa àwọn baba ńlá wa, lẹ́yìn tí wọ́n ti jó ilé wọn kanlẹ̀. Ogóje ènìyàn ló kù. Wọ́n lúgọ sínú eèsún létí àbàtà, òjò ń pa wọ́n, àwọn ìyá ń fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ àbàtà náà: Ọdẹ́dìran, Arìn-nínú-ìrì-má-tutù, ọdẹ gíga tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ọdún mẹ́ta ló ti ń jókòó ti àwọn àgùfọn ibẹ̀, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ìyẹ́ aláwọ̀ wúrà dúró ṣánṣán lórí wọn. Ó mọ̀ pé akọ àti abo wọn kì í kọ ara wọn sílẹ̀, pé wọ́n jọ ń sàba lé ẹyin ni, pé wọ́n a máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ kí tata lè fò jáde fún wọn láti ṣà jẹ. Ó ti rí ijó tí wọ́n ń jó fún ara wọn. Wọ́n mọ òun náà débi pé wọn kì í fò sá fún un mọ́.

Awẹ́ró, àgbà obìnrin tó kù láàárín wọn, rá kòrò lọ bá a.

“Ọmọ mi, wọ́n ti sún mọ́ wa.”

“Ìyá, ọ̀nà kan wà. Ṣùgbọ́n kò dára.”

“Ṣé ó burú ju ẹ̀wọ̀n ọrùn lọ ni?”

Ọdẹ́dìran gba ibi tí ilẹ̀ ti le, ó dé ìtẹ́ àgùfọn tó wà láàárín ẹrẹ̀ jíjìn. Abo tó wà lórí ẹyin wò ó, kò dìde. Ọdẹ́dìran fi ẹsẹ̀ tú ìtẹ́ náà ká.

Igbe ẹyẹ gba ojú ọ̀run. Àwọn ẹlẹ́ṣin rò pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn sá pamọ́ sí, wọ́n sáré wọ inú àbàtà. Ẹṣin rì dé ikùn. Ọfà àwọn ọkùnrin wa bá wọn níbẹ̀. Àwọn tó kù sá, wọn kò padà mọ́. Ṣùgbọ́n ọfà ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ṣin náà ti pa akọ àgùfọn tó ni ìtẹ́ náà.

Àwọn ènìyàn wa gbé Ọdẹ́dìran sókè, wọ́n ní òun ni yóò jọba.

Ó ní, “Ẹ sọ̀ mí kalẹ̀. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé mi ni mo dà kí ẹ lè yè. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, n ó tún ṣe é. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí nínú jẹ́.”

Awẹ́ró ní, “Ẹyẹ ni, ọmọ mi.”

“Ẹyẹ ni, Ìyá. Ó wo ojú mi, kò sì dìde.”

Àsìkò òjò méjì ni abo náà fi ń ké láràárọ̀ nínú omi, kò gba akọ mìíràn. Lẹ́yìn náà, wọn kò gbọ́ igbe rẹ̀ mọ́. Orí òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ dó sí, wọ́n sọ ọ́ ní Òkè Àgùfọn. Ọdẹ́dìran kò jọba. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe: lọ́dọọdún, ará ilé òun kò gbọdọ̀ gé koríko àbàtà bolé títí ọmọ àgùfọn yóò fi fò. Òrùlé rẹ̀ jò títí ó fi kú. Dòní olónìí, agbo ilé rẹ̀ ló ń bolé kẹ́yìn nílùú, bí òjò bá sì ń pa wọ́n, wọn kì í ráhùn.