Ẹni Tó Dúró Lábẹ́ Òrùlé

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé òrùlé ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Káfíńtà ni. Ó ti kan páànù sórí ilé tó ju igba lọ ní ìlú rẹ̀ àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, ṣùgbọ́n ilé tirẹ̀ ń jò. Má tíì rẹ́rìn-ín. Ilé náà kò jò báyẹn nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé.

Ọgbọ́n tí àwọn méjèèjì ń dá sí i kò le. Ilé wọn kò ní àjà, nítorí náà ẹni tó bá wà nínú yàrá yóò rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ lára páànù bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹni tó wà lókè kò lè rí i, torí páànù tó bá ti dípẹtà, ibi gbogbo lára rẹ̀ ló jọra. Bí òjò bá ti dá, ọkọ á gun òrùlé tòun ti agolo ọ̀dà. Ìyàwó á gun tábìlì nínú yàrá, á so ẹyọ ìgbálẹ̀ kan mọ́ orí ọ̀pá, á sì tì í bọ ihò náà títí yóò fi yọrí lókè. Á wá kígbe láti ìsàlẹ̀ pé, "Ṣé ẹ ti rí i?" Ọkọ á ní òun ti rí i. Ìyàwó á fa ìgbálẹ̀ rẹ̀, ọkọ á fi ọ̀dà dí ibẹ̀, wọ́n á sún sí òmíràn.

Obìnrin náà kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni. Wọn kò bímọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n tọ́ ni ọmọbìnrin tí àbúrò ọkọ fi sílẹ̀ kú, ọmọ yẹn sì ti lọ sí ìlú ńlá, ó ń ránṣọ níbẹ̀. Bí ọkùnrin yìí ṣe ku òun nìkan nínú ilé yàrá mẹ́ta nìyẹn.

Nígbà tí òjò ọdún kìíní lẹ́yìn ikú ìyàwó dé, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ọkùnrin náà á dúró nínú yàrá, á wo ihò, á fi ẹsẹ̀ wọn ibẹ̀ láti ara ògiri, á sáré gun àkàsọ̀. Kó tó dé òkè, ojú rẹ̀ á ti dàrú. Á wá da ọ̀dà sí ibi tó bá fura sí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin títí òrùlé náà fi di alábùlẹ̀ bí aṣọ alágbe, òjò sì ń wọlé síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti gbé ibùsùn kúrò níbi tó wà. Àwọn ará àdúgbò ní kó pe ẹnì kan kó wá bá a dúró nísàlẹ̀, ó ní òun máa pè é. Kò pe ẹnikẹ́ni. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá gun tábìlì yẹn ti gba ipò olóògbé nìyẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ra korobá sí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ dún. Àwọn tí kò mọ̀ rí ló fi àwòrán ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, wọ́n sì kọ "olè" sí i níwájú orí. Wọ́n ní kó sọ fún ọmọ rẹ̀ kó san owó àwọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù ọmọ náà ni yóò rí àwòrán yìí. Ayánilówó orí fóònù ni wọ́n, àwọn sogúndogójì ayé òde òní. Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin yìí wọra. Ó ní owó kan nílé tó ń tọ́jú, owó sìmẹ́ǹtì tí yóò fi ṣe ojú oórì ìyàwó rẹ̀, torí ilẹ̀ lásán lobìnrin náà ṣì wà. Ó kó o, ó fi í ránṣẹ́. Kò bi ọmọ náà léèrè ohunkóhun. Ó kàn ní kó san án kí ọ̀rọ̀ náà tán nílẹ̀. Ọmọ náà dúpẹ́ títí, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù méjì kò pé tí àwòrán mìíràn tún fi dé láti ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn. Ọkùnrin náà ta páànù tó kó pamọ́, ó tún fowó ránṣẹ́. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwòrán náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń jọ́sìn, ẹnì kan sì fi hàn án lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún wá dà bí egbìnrìn ọ̀tẹ̀, bí a ṣe ń pa ọ̀kan ni ọ̀kan ń rú. Inú bí i. Ó pe ọmọ náà, ó ní ṣé ó fẹ́ kó òun sí sàréè kí ọjọ́ òun tó pé ni. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá pè é, fóònù kì í lọ.

Mo fẹ́ kó o ro bí nǹkan ṣe rí. Àgbàlagbà kan jókòó sáàárín korobá mẹ́fà, ó ń wo fóònù tí kò dún. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà ní ìlú ńlá, ó ti pa fóònù tirẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, nítorí kò sí ẹni tó ń pè é mọ́ àfi ẹni tó ń sin gbèsè. Ara wọn nìkan ni wọ́n ní láyé. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ọjọ́ kan ni wọn yóò wá sọ fún òun pé ọmọ náà ti ṣe ara rẹ̀ ní ohun tí kò ní àtúnṣe. Ìbẹ̀rù yìí ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Kò sì lè dìde lọ wò ó, torí ó ní òun kò ní owó kankan mọ́ tí òun yóò mú dání lọ. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Àmọ́ ohun tó rò nìyẹn.

Ọmọ náà ló padà wá fúnra rẹ̀, tòun ti báàgì kan. Onílé ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó sì gba maṣíìnì. Ọkùnrin náà wò ó lẹ́nu ọ̀nà, ó rí i pé ó ti rù. Ó béèrè bóyá ó ti jẹun. Ọmọ náà ní òun ti jẹ, irọ́ ni. Wọ́n gbé ọjọ́ mẹ́rin pọ̀ nínú ilé kan náà láìsọ ohun tó wà nílẹ̀. Ọmọ ń bẹ̀rù ìbáwí, bàbá ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ̀rọ̀, yóò tún lọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, òjò rọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tó dá, oòrùn yọ, ọkùnrin náà gun òrùlé lọ bó ṣe máa ń ṣe. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú agolo ọ̀dà, ó ń wò káàkiri. Ó gbọ́ nǹkan tó ń ha páànù lábẹ́. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ló yọrí jáde níbi tí kò fura sí rí. Ohùn sì dún láti ìsàlẹ̀ pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti rí i?"

Ọkùnrin náà jókòó lórí páànù gbígbóná, ó sunkún. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń wo obìnrin yẹn lórí tábìlì, kò sì gbàgbé. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà ní òun ti rí i, ìgbálẹ̀ sún síwájú. Ihò mọ́kànlá ni wọ́n dí lọ́jọ́ yẹn. Mẹ́sàn-án nínú wọn wà níbi tí ọ̀dà kò kàn rí láti ọdún mẹ́rin.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Kò tilẹ̀ nu ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀ kó tó jókòó.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, gbogbo ìgbà tí mo ń fowó ránṣẹ́ sí ọ, orí òrùlé ni mo wà. N kò rí nǹkan kan láti ibẹ̀. Ti ìgbálẹ̀ bọ gbèsè yẹn kí n rí i."

Ọmọ náà mú ìgbálẹ̀, ó ń fa ẹyọ kan yọ fún gbèsè kan, ó ń tò ó sórí tábìlì. Èyí ni ti àga àti kánópì tó yá fi ṣe ayẹyẹ fíríìdọ̀mù nígbà tó parí iṣẹ́ kíkọ́, torí kò fẹ́ kí tirẹ̀ kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí ni ti àwọn orí fóònù tó yá láti fi san lára ìyẹn. Èyí ni ti àwọn kejì tó yá láti fi san lára ti àkọ́kọ́, àti ti ẹ̀kẹta, àti ti ẹ̀kẹrin. Ká ní káfíńtà ni, a ó ní ó ń ká páànù orí pálọ̀ láti fi bo yàrá. Èyí ni ti onílé. Èyí tó kẹ́yìn ni kò fẹ́ dárúkọ: ó ti kọ́kọ́ kó àjọ, kò sì dá a mọ́, àwọn obìnrin mọ́kànlá ló sì ń dúró dè é. Nítorí èyí gan-an ni kò ṣe lè gba ìta kọjá mọ́. Ó di méje. Ọkùnrin náà rò pé ó ti tán, ṣùgbọ́n ọmọ náà fa ẹyọ kan yọ sí i, ó rọra gbé e kalẹ̀.

Ó ní, "Tiyín nìyí, Bàbá. Owó oórì Màmá ni. Mo mọ̀ látìgbà tí ẹ ti fi ránṣẹ́."

Ọkùnrin náà kò bínú, kò sì sọ pé kò sí nǹkan kan. Ó mú ẹyọ yẹn, ó fi í há ara ògiri. Ó ní, "Ìyẹn la ó ṣe kẹ́yìn. Àwa méjèèjì la ó jọ ṣe é."

Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin alájọ ní ìlú ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Wọ́n bú ọmọ náà, ọkùnrin náà sì dúró tì í títí wọ́n fi bú u tán. Ó ṣe onídùúró fún un lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n fi owó tí wọ́n yá níbẹ̀ gba maṣíìnì padà. Ọmọ náà gbé e sí pálọ̀, ó ń rán aṣọ iléèwé. Òun ló ń san gbèsè náà fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin náà kò sì ṣe ju pé kó máa bá a lọ, kó máa jókòó tì í. Bí wọ́n bá san ọ̀kan tán, wọ́n á sọ ìgbálẹ̀ rẹ̀ sínú iná ìdáná. Ọdún kan àti oṣù méje ló gbà wọ́n. Méjì nínú àwọn obìnrin alájọ kò kí ọmọ náà títí dòní. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, wọ́n po sìmẹ́ǹtì lójú oórì, ọmọ ń pọnmi, bàbá ń fi kọ̀ǹkéèrè tẹ́ ẹ. Ọmọ náà padà sí ìlú ńlá, ọkùnrin náà sì tún ku òun nìkan. Ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ọmọ náà á dé, á gun tábìlì.

Ìwọ tí o wá bá mi nítorí gbèsè ọmọ rẹ, mo ti gbọ́ iye tí o ti fi ránṣẹ́, mo sì gbọ́ gbogbo èébú tí o fi tẹ̀ lé e. Ṣé ìwọ náà ti wá mọ ibi tí o dúró sí látìgbà yìí? Sọ̀ kalẹ̀. Wọ ọkọ̀ lọ bá a bí ọwọ́ rẹ tilẹ̀ ṣófo. Jókòó tì í, bi í pé mélòó ni gbèsè náà, kí o sì dákẹ́ títí yóò fi kà á tán, torí èyí tó bá fi sẹ́yìn ni èyí tó ń pa á.