Ìrèké Ọ̀yà Tó Mu Omi Yó

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà: oko ìrèké ló yà sí, Ọ̀yà ló sì bá níbẹ̀ tó ń gbé itọ́ mì.

Ọ̀yà fẹ́ràn ìrèké ju ìyá tó bí i lọ. Òun, Erin àti Ẹfọ̀n jọ dá oko lẹ́bàá odò, olúkúlùkù ní ìpín tirẹ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, Erin á fi ọwọ́jà fa omi, Ẹfọ̀n á fi ẹ̀yìn ru agbè. Kí iṣẹ́ ọjọ́ kan tó parí, wọ́n á ti jẹ iṣu odidi abà kan.

Ọ̀yà ní, “Bàbá Erin, ẹ̀ ń jẹun kí ẹ lè pọnmi, oòrùn ọ̀sán sì ń mu omi ọ̀hún. Ta lẹ̀ ń bọ́, ìrèké àbí oòrùn?”

“Kí ni ká wá ṣe?”

“Ẹ gbẹ́ ọ̀nà omi láti òkè odò wá sínú oko. Omi á máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ká máa ṣí i, nígbà tí oòrùn bá ti lọ.”

Erin àti Ẹfọ̀n gbẹ́ ẹ. Ọ̀yà náà ṣiṣẹ́ o: ó jókòó lábẹ́ igi, ó ń kí wọn kú iṣẹ́. Lóòótọ́ omi ń wá, iṣu sì ń pẹ́ nínú abà. Wọ́n yin Ọ̀yà títí orí rẹ̀ fi wú.

Ó ní, “Ó ku ẹyọ kan. Lọ́jọ́ ìkórè, kí Ẹkùn tó ni ilẹ̀ tọ́ ìrèké wa wò. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá dùn, kó fi sílẹ̀ fún àwọn tó kù.” Inú wọn ń dùn, wọ́n gbà.

Nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọ̀yà yọ́ lọ fi amọ̀ dí omi tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Gbogbo omi dà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìrèké rẹ̀ sanra bí itan Erin. Tàwọn yòókù rù, ewé wọn gbẹ.

Ọjọ́ pé. Ẹkùn jẹ ti Ọ̀yà, ó tu ú dànù. “Omi lásán. Ṣé odò lo gbìn ni?” Ó jẹ ti Erin, ó jẹ ti Ẹfọ̀n, ó dijú. “Oyin lèyí.”

Ọ̀yà gbàgbé ara rẹ̀. “Irọ́ ni. Báwo ni yóò ṣe dùn, nígbà tí mo ti dí omi wọn láti oṣù tó kọjá?”

Erin ní, “Àwa rò pé odò ló gbẹ.”

Ẹkùn bú sẹ́rìn-ín. “Ìrèké tó bá ku díẹ̀ ká gé, a kì í fún un lómi mọ́, kí adùn lè dúró sínú rẹ̀. Ọ̀yà, o ṣeun, o bá wọn ṣe é dáadáa. Ẹni tó bá ń jókòó lábẹ́ igi kò lè mọ̀ ọ́n.”

Wọ́n gba ìpín Ọ̀yà, wọ́n sì lé e dénú igbó. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jalè nínú oko ìrèké, tí ewé bá mì, á sá. Ọ̀nà omi tó kọ́ wọn láti gbẹ́ ṣì ń ṣàn, òun nìkan ni kò ní ìpín níbẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n dára, ojúkòkòrò ló ń bà á jẹ́. Ẹni tó bá ní mo parọ́, kó lọ bi Ọ̀yà, bó bá máa dúró dá a lóhùn.