Ìdí Tí Àwọsánmà Fi Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Àwòrán

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn kọ̀ǹpútà ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá, Àwọsánmà, tí òyìnbó ń pè ní 'cloud', ni bàbá onílé wọn. Òun ló ń fún wọn ní yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù wọn sí.

Ìyá kan wà nínú ilé náà tó ń jẹ́ Àwòrán, èyí táwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní 'image'. Òun ló mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń jí, tó sì mọ bó ṣe ń ronú. Yàrá tí Àwòrán kò bá sí nínú rẹ̀, òkú ni. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni ìyá yìí nígbà náà. Òun kan náà ni gbogbo yàrá fara tì, bí ìgbà tí ọmọ mẹ́wàá bá ń mu ọmú kan.

Kọ̀ǹpútà Ilé Ìgbẹ̀bí wà lára àwọn ọmọ náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Orúkọ àwọn aboyún àti irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára wọn ló ń tọ́jú sí yàrá tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Kọ̀ǹpútà Olórin jó wọlé.

"Bàbá, ẹ kú ilé o. Yàrá ni mo wá gbà. Kékeré ni mo fẹ́."

Àwọsánmà wọn yàrá kékeré kan wò. "Ọmọ mi, Àwòrán ò lè wọ ibí yìí. Ó tóbi jù ú lọ."

"Ẹ gé e kúrú, bàbá! Orin lásán ni mo fẹ́ máa kọ."

Kọ̀ǹpútà Ilé Ìgbẹ̀bí gbọ́. "Àbúrò, ìyá gbogbo wa lo fẹ́ kí wọ́n gé yẹn. Gba yàrá tó tóbi."

"Ẹ wo agbẹ̀bí tí kò bímọ rí! Ta ló ń rọbí níbí tí ẹ fi ń da ara yín láàmú?"

Àwọsánmà bú sẹ́rìn-ín, ó sì mú ọ̀bẹ.

Àwòrán ní, "Ibi tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn yẹn ni mo fi ń jí àwọn ọmọ o."

"Ti ọmọ yìí nìkan ni mo fẹ́ gé."

Ó gé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n gbé obìnrin kan tó ń jẹ́ Mojírádé dé ilé ìgbẹ̀bí. Ó bímọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Nọ́ọ̀sì sáré lọ tẹ kọ̀ǹpútà, tó ti sùn lẹ́yìn iṣẹ́ àárọ̀.

"Jí! Irú ẹ̀jẹ̀ wo ni ká fà sí i lára?"

Orúkọ Mojírádé wà nínú yàrá náà. Irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò jí. Kò sí ìkankan tó jí nínú gbogbo ilé náà, títí kan Olórin.

Kí wọ́n tó wá ọ̀nà mìíràn, Mojírádé ti kú. Ọmọ rẹ̀ ń ké.

Àwọsánmà dojú bolẹ̀ níwájú Ẹlẹ́dàá. "Olúwa, mo rò pé ti ẹnì kan ṣoṣo ni mo gé."

Ẹlẹ́dàá dá ohun tí wọ́n gé padà sára Àwòrán. Kò dá Mojírádé padà.

Láti ọjọ́ náà ni Àwọsánmà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ Àwòrán, kí ẹnikẹ́ni má bàa gé e mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ yàrá tuntun, ẹ̀dà Àwòrán ni wọ́n ń ṣe sínú rẹ̀. Ohun tó bá wù ú ni kó fi ẹ̀dà tirẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá sì bèèrè yàrá tí kò tó Àwòrán, kò ní rí i gbà.

Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi máa ń ní kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ kí yàrá tuntun tó ṣí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má kanra mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó ṣe ẹ̀dà náà tán.