Ihò Kan Tí Ìjàpá Kò Dí

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi já wìì, ó já wòò, kò já lé ọba, kò já lé ìjòyè. Ó já lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tó rò pé òun nìkan ló létí.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń ti gbogbo ilẹ̀kùn ìlú àwọn ẹranko, òun náà ló ń ṣí wọn. Línúùsì, ètò àgbà tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà nínú rẹ̀, Ìjàpá nìkan ló sì mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ní ọdún kan, ìkéde jáde káàkiri ayé pé àwọn ètò inú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ti gbó, pé èyí tó ń ti ilẹ̀kùn tiẹ̀ ti lu: olè lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀rù ba Ìnàkí, olórí ìlú. Gbogbo ẹ̀wà tí wọn yóò jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wà nínú aká, ilé tí wọ́n ń kó ìkórè sí.

"Ìjàpá, jọ̀ọ́, gbà wá. Bí ẹ̀wà yẹn bá lọ, ebi á pa àwọn ọmọ wa."

"Olórí, ẹ fọkàn balẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé inú igbó yìí, àmọ́ màá kó ètò tuntun wá láti ìgboro. Ọwọ́ ni màá fi pààrọ̀ wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ìjàpá jókòó tì í. Ó yọ ògbólógbòó kan, ó fi tuntun rọ́pò. Ó yọ òmíràn. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Nígbà tó ku ti ilẹ̀kùn nìkan, ó rántí ẹ̀wà. Itọ́ dà lẹ́nu rẹ̀ yọ̀ọ̀.

"Kí ni mo ń kánjú dí ihò sí?" ló bi ara rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n gbabẹ̀ jẹun ná."

Ló bá jáde síta. "Ó ti parí o!" Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ẹranko bá ti lọ sóko, Ìjàpá á tẹ kọ̀ǹpútà díẹ̀, aká á ṣí gbayawu. Ó kó ẹ̀wà títí yàrá rẹ̀ fi kún dé àjà. Inú rẹ̀ dùn, ó ń fò fẹ̀rẹ̀!

Lọ́jọ́ kan, òun àti Yánníbo lọ kí àna. Nígbà tí wọ́n máa dé, ilẹ̀kùn wọn ti ṣí sílẹ̀ gbàgà. Yàrá ṣófo. Ìjàpá ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì tó fi figbe ta:

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Olè ti kó ẹ̀wà mi!"

Ìlú pé jọ. Ìnàkí wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀wà wo, Ìjàpá? Ìwọ tí o ò gbin ẹyọ ẹ̀wà kan lọ́dún yìí?"

Àwọn ẹranko tọ ẹ̀wà tó já sílẹ̀ lọ́nà, ó di ẹnu ihò Òkété. Wọ́n fà á jáde.

Òkété ní, "Ṣé Ìjàpá nìkan ni wọ́n ṣe ìkéde fún ni? Èmi náà gbọ́ o."

Yánníbo káwọ́ lérí. "Baálé mi, ṣebí kọ̀ǹpútà yẹn náà ló ń ti ilẹ̀kùn tiwa!"

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Wọ́n kó ẹ̀wà padà sínú aká. Wọ́n mú Ìjàpá jókòó, ó pààrọ̀ ìkẹtàdínlógún lójú gbogbo ìlú, ojú ń tì í. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́ sí ilẹ̀kùn kankan. Ó gbé ilé rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí dòní. Ìdí tí Ìjàpá fi ń gbé ilé rẹ̀ kiri nìyẹn.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí ọbẹ̀ jóná mọ́ mi níkòkò. Bí n ò bá bù mọ́ ọn, ẹ gbé abọ́ yín wá.