Òkété àti Agbọ́n Oníwájú Funfun

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ̀ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó dá lórí Òkété, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Òkété ìgbà yẹn kò tíì dàgbà débi tí yóò máa mu ọmú ọmọ rẹ̀.

Àwọn agbọ́n ló ń ṣọ́ ẹnu ihò Òkété kí ejò má baà wọlé. Àmọ́ bí inú bá ti bí wọn, wọn kì í mọ ejò yàtọ̀ sí ọmọ onílé. Ìdí nìyí tí àwọn agbọ́n kan fi ń ṣe apẹ̀tù, tí wọ́n ń bẹ àwọn yòókù kí wọ́n má ta ọmọ ọlọ́mọ. Oríṣi apẹ̀tù méjì ló wà. Wọ́n bí àwọn kan sí Ilé Àyà, agbo ilé àwọn apẹ̀tù, wọ́n kọ́ wọn ní ìpẹ̀tù láti kékeré. Àwọn kejì ti jẹ́ jagunjagun rí, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ronú pìwà dà. Àwọn àgbà ní ọmọ Ilé Àyà kì í yẹ̀, pé ti ojú ọ̀nà lè padà sídìí ìjà. Wọ́n ní àmì funfun iwájú orí la fi ń mọ ọmọ Ilé Àyà.

Òkété fẹ́ lọ wá oúnjẹ. Ta ni yóò fọmọ tì?

Agbọ́n kan dé, hùnùùù! Àmì funfun wà níwájú orí rẹ̀. Òkété bi í léèrè ibi tí wọ́n bí i sí. Ó ní ojú ọ̀nà lòun ti di apẹ̀tù. Ó ya Òkété lẹ́nu.

Agbọ́n kejì dé, hùnùùù! Kò ní àmì kankan. Ó ní Ilé Àyà ni wọ́n bí òun sí. Orí Òkété wá dàrú pátápátá, ló bá ń kọrin:

Agbọ́n, níbo ni wọ́n bí ọ sí o?
*Rọra, rọra.*
Àmì rẹ ò bá ẹnu rẹ mu,
*Rọra, rọra.*
Ta ni n ó fọmọ mi tì o?
*Rọra, rọra.*

Agbọ́n kẹta dé, hùnùùù! Àmì tirẹ̀ funfun báláú. Òkété kò tilẹ̀ béèrè mọ́. Ó fọmọ tì í, ó bọ́ sóko.

Èèmọ̀ rèé! Òkété kò mọ̀ pé bí inú bá ń bí agbọ́n, ibi yòówù kí wọ́n bí i sí, iwájú orí rẹ̀ a máa funfun. Ìbínú ló ń dán lójú ẹni tó fọmọ tì. Àbíkẹ́yìn Òkété kàn sín ni, agbọ́n ta á, ṣàù!

Igbe ọmọ ló mú Òkété sáré padà. Ó bá agbọ́n aláìlámì tó na ìyẹ́ bo àwọn ọmọ, tó ń bẹ oníbìínú. Ojú ọ̀tún àbíkẹ́yìn ti fọ́. Òkété bú sẹ́kún, ó ní ta ni ì bá mọ̀.

Agbọ́n aláìlámì ní, “Mo sọ fún yín, ìyá. Iwájú orí mi lẹ ń wò.”

Ẹ̀kọ́ ààlọ̀ mi ni pé ká má fi àmì kan ṣoṣo mọ ọmọ ilé. Ohun tí ìbínú náà lè kùn síni lójú kì í ṣe ẹ̀rí ibi tí wọ́n bíni sí. Bó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí agbọ́n bà lé mi létè.