Òkété Sọ Ẹ̀yìnkùlé Rẹ̀ Di Ààtàn

Àlọ́ o! Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ dáhùn "Àlọ̀!" kí n gbọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi yí gbirigbiri, kò wọ odò, kò gun igi, ẹnu ihò Òkété ló lọ dúró sí.

Òkété fẹ́ jẹun. Kò sí ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ náà. Àgbàdo tuntun ti dé, èéfín ń rú ní gbogbo ilé, Erin ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀, Ẹkùn tó jẹ́ ọba ń yan ẹran, àní Ẹtà opó pàápàá ń se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Òkété nìkan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi imú jẹun. Kò dáko. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀yìn yìí kan náà kì í dùn ún bó bá ń bẹ̀rẹ̀ wo inú ìkòkò ẹlòmíràn.

Ìyọnu kan sì wà ní ìlú àwọn ẹranko nígbà náà. Àwọn tó tẹ ìlú dó ti fi ààtàn sí ẹ̀yìn òkè, kí òórùn má baà máa bá wọn jẹun. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó tẹ ìlú dó ti kú, òkè kò kú. Ẹni tó bá ru ìdọ̀tí kúrò nílé ní ìdájí, oòrùn á ti kàn án lórí kó tó padà dé. Ni oníkálukú bá ń dá ọgbọ́n tirẹ̀. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ Erin á sùn sílé Erin, á jí sí ẹ̀yìnkùlé ọba. Egungun tí ọba jẹ kù á jí sí ojúde Erin.

Erin á pariwo pé, "Ta ló da egungun síbí? Ta ló rí mi tí mo jẹ ẹran rí?"

Ọba á ní òun kò mọ̀. Ọba kì í mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n kéde títí ohùn akéde fi há. Wọ́n kan pátákó mọ́ igi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé "Ẹ má da ilẹ̀ síbí." Ìdí pátákó yẹn gan-an ni wọ́n ń da á sí.

Òkété wo gbogbo èyí, ikùn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ikùn ni Òkété fi ń ronú. Ó nu imú rẹ̀, ó gba ààfin lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Èmi ọmọ yín kò rí oorun sùn mọ́. Ìdọ̀tí ìlú yìí ni kò jẹ́ kí n sùn."

Ọba wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Ìdọ̀tí ni, àbí ebi?"

"Àwọn méjèèjì ni, Kábíyèsí, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ló ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù máa gbé tirẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni n ó máa rù ú lọ sí ẹ̀yìn òkè. N kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n ṣáà bu díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bá sè sínú àwo, kí wọ́n gbé e tì í, kí ọrùn mi lè lágbára."

Erin tó wà ní ìjókòó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí o kò tó èékánná ẹsẹ̀ mi! Ìwọ lo máa ru èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi?"

"Bàbá Erin, ṣebí èèrà ló ń wọ́ òkú ejò. Bí ọkàn yín kò bá gbé e, ẹ má gbé tiyín síta. Ẹ máa rù ú gun òkè fúnra yín."

Erin rántí òkè, ó ní kí Òkété máa wí.

"Ó wá ku òfin kan, Kábíyèsí," ni Òkété wí. Ó ti rò ó wò pé bí ẹnì kan bá ya ahun, tó fi ìdọ̀tí rẹ̀ pamọ́ sílé kí ó má baà bu oúnjẹ síta, àwo oúnjẹ kan ti bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn. "Ẹni tí a bá bá ìdọ̀tí tó ń rà nílé rẹ̀, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ kó o dé ẹ̀yìn òkè, bó ti wù kó pọ̀ tó. Kí gbogbo oúnjẹ inú àká rẹ̀ sì di ti ìlú."

Ọba fẹ́ràn òfin tí kò kan òun. Ó fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, ó dé fìlà pupa kan lé Òkété lórí, ó ní láti òní lọ, Òkété ni wolé-wolé ìlú.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ni wolé-wolé bá gbọ́nà. Fìlà rẹ̀ bò ó lójú, àpò wà léjìká rẹ̀, ó ń kọrin:

*Ẹ gbé e síta, n ó gbé e lọ,*
*— Gbálẹ̀-gbálẹ̀, gbálẹ̀!*
*Ilé yín á mọ́, ọ̀nà á mọ́,*
*— Gbálẹ̀-gbálẹ̀, gbálẹ̀!*
*Ẹ bu tèmi, kó kún dáadáa,*
*— Gbálẹ̀-gbálẹ̀, gbálẹ̀!*
*Ibi tó ń lọ, ẹ má bèèrè,*
*— Gbálẹ̀-gbálẹ̀, gbálẹ̀!*

Ẹnikẹ́ni kò sì bèèrè. Ìdọ̀tí ti kúrò lójú wọn, ó parí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Òkété gbìyànjú. N kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó jẹ gbogbo oúnjẹ inú àwo tán, ó nu ẹnu, ó ru àpò, ó dé ìdí òkè, ó gbójú sókè wò ó.

"Òkè yìí ti ga sí i láti àná," ni ó wí.

Ó bá yí padà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé Òkété ti rí fún yín. Ẹnu ihò méjì ló ní. Ti iwájú ni àlejò ń bá wọlé. Ti ẹ̀yìn wà nísàlẹ̀ igi ọ̀pẹ kan, ewé bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá Òkété ló gbẹ́ ẹ, gbogbo èékánná rẹ̀ ló sì parí síbẹ̀. Ìdí tó fi gbẹ́ ẹ ni pé bí ọdẹ bá fín èéfín sí iwájú, wọn á gba ẹ̀yìn jáde. Nígbà tí bàbá náà ń kú lọ, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Ọmọ mi, ilé tí kò ní ojú ẹ̀yìn, sàárè ni. Má jẹ́ kí ohunkóhun dí i." Òkété sunkún, ó búra.

Òun náà ló wá dúró níbẹ̀ báyìí, tó ń fi ìdí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ Erin sínú rẹ̀.

Àbẹ̀jẹ́, ìyàwó rẹ̀, ká a mọ́ ibẹ̀. "Baálé mi, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn? Ojú ẹ̀yìn tí Bàbá gbẹ́ fún wa ńkọ́?"

"Òfìfo ló wà láti ọjọ́ yìí. Mo ní kó máa ṣiṣẹ́."

"Bí wọ́n bá wá lé wa ńkọ́?"

"Ta ni yóò lé wa? Ta ni yóò lé wolé-wolé? Àbẹ̀jẹ́, wo fìlà orí mi. Ṣé irú orí yìí ni wọ́n ń lé?"

Àbẹ̀jẹ́ fara dà á títí ìdin fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí i káàárọ̀ lórí ẹní. Lọ́jọ́ yẹn ló kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó lọ sílé ìyá rẹ̀. Òkété ní kò burú, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ yóò kù sílé.

Ó jẹ, ó yó, ó tún jẹ. Ó sanra títí ó fi gbẹ́ ẹnu ọ̀nà iwájú fẹ̀ kí ó tó lè wọlé. Àká rẹ̀ kún fún àgbàdo, ẹ̀kúrọ́, ẹ̀wà, àti ẹran gbígbẹ. Nígbà tí oúnjẹ ń lọ sí iwájú ilé, ìdọ̀tí ń lọ sí ẹ̀yìn, Òkété sì ń sùn láàárín méjèèjì bí ọba kékeré.

Ṣùgbọ́n òórùn kò ní fìlà, kò mọ wolé-wolé. Ó jáde. Ó kọ́kọ́ rọra ń jáde bí ẹni tó ń tijú. Nígbà tó yá, ó ń rìn kiri ìlú bí onílé. Ọba kò lè jẹran mọ́. Erin ká imú rẹ̀ mọ́ra títí imú fi ro ó. Ni ọba bá pe ìlú jọ, ó ní kí wolé-wolé sọ ibi tí òórùn ti ń wá.

Òkété wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ bọ́ sára Ẹtà. Gbogbo yín mọ Ẹtà. Ó ní òórùn tirẹ̀ lára, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i.

Òkété fi ìbànújẹ́ mi orí. "Kábíyèsí, kò wù mí kí n sọ ọ́. Opó ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìlú ni mò ń ṣe. Ẹtà ni."

Ìlú hó gèè. Ọba ní kí Ẹtà kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ẹtà bú sẹ́kún. "Kábíyèsí, inú ihò yẹn ni mo bí gbogbo ọmọ mi sí. Ibẹ̀ ni mo sin bàbá wọn sí. Níbo lẹ fẹ́ kí n lọ?" Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Ó dáa. Mo ń rùn, n kò jiyàn. Mo ti ń rùn kí wọ́n tó bí Òkété. Ṣùgbọ́n òórùn mi, ara mi ló wà, ibi tí mo bá lọ ló ń bá mi lọ. Mo ń kó àwọn ọmọ mi lọ sí oko àbúrò mi. Bí òórùn yìí bá tẹ̀lé mi, ẹ má pè mí padà mọ́ láé. Bí ó bá dúró tì yín, ẹ wá ẹni tó ni ín."

Ó lọ tòun ti àwọn ọmọ rẹ̀. Òórùn kò lọ. Òjò wá rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, omi wọ inú ìdọ̀tí, ìdọ̀tí wú. Àfi bí ẹni pé òórùn àkọ́kọ́ bímọ.

Ọba ní, "Òkété, Ẹtà mà ti lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí. Ó fi díẹ̀ sílẹ̀ ni. Òórùn náà ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀."

"Ọ̀fọ̀ yìí ti pọ̀ jù," ni Erin wí. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ jẹ́ ká yẹ ilé wò lọ́kọ̀ọ̀kan."

Kí ni Òkété fẹ́ sọ? Òun ni wolé-wolé. Ó ṣáájú wọn, ó ń fi imú tọ́ ògiri wò, ó ń yọjú sí abẹ́ ibùsùn, ó sì ń bèèrè ohun tó wà lórí iná. Gbogbo ilé tí wọ́n wọ̀, ìdọ̀tí kò sí níbẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ló kù.

Erin ní, "Ilé wolé-wolé ńkọ́? Ṣebí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Òkété tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Erin. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé sọ fún ìyàwó mi pé àlejò ń bọ̀."

"Ìyàwó wo? Àbẹ̀jẹ́ tó ti lọ?"

Òkété ti wọlé. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju pé kí ó gba ẹ̀yìn jáde, kí ó sá di ìlú kejì, kí ó dé ibẹ̀ kí ó di wolé-wolé tuntun. Ó sáré kọjá ibùsùn, ó sáré kọjá àká, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ó sì fi imú gbá èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ Erin, pàà!

Ìgbà yẹn ló rántí bàbá rẹ̀. Ó fi ẹnu tú u, ó fi èékánná tú u, ó ti orí bọ̀ ọ́. Èèpo yọ̀, egungun yí, òkìtì náà ya lù ú lẹ́yìn. Kò lè lọ síwájú, kò lè padà. Ikùn tó fi ojú ẹ̀yìn rà ti dí ìwọ̀nba àyè tó kù.

Ọba pè é láti iwájú. "Wolé-wolé!"

"Mò ń bọ̀, Kábíyèsí!"

Ṣùgbọ́n ohùn náà kò ti iwájú wá. Abẹ́ ẹsẹ̀ Erin, tó ti tọ òórùn dé ìdí igi ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé, ló ti jáde. Ó ya Erin lẹ́nu, ó tẹ ilẹ̀ náà wò. Ilẹ̀ tí òjò ti rin, tí ìdọ̀tí ti jẹ nínú, ó rì, gbììì! Ó là sílẹ̀ gbayawu. Oníkálukú bojú wò ó, oníkálukú sì dá tirẹ̀ mọ̀. Èèpo Erin nìyí. Egungun ọba nìyí. Èèpo ẹ̀wà Ẹtà nìyí. Òkété wà láàárín gbogbo rẹ̀, fìlà ti bọ́, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dé.

Ọba bi í pé, "Òkété, kí lèyí?"

Òkété wò yíká, ó mi orí. "Kábíyèsí, ìdọ̀tí mà pọ̀ níbí o! Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó ni ilé yìí."

Àní ọba rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó bèèrè ẹni tó ṣe òfin ìdọ̀tí. Gbogbo ìlú ní Òkété ni. Ó bèèrè ohun tí òfin náà wí. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n lórí.

Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe Ẹtà padà nìyẹn, tí wọ́n tú àká Òkété, tí wọ́n sì jẹun. Òkété ní tirẹ̀ ń fi ẹnu kó ìdọ̀tí gun òkè. Ó tì í bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó tì í bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, àwọn ọmọdé ń tẹ̀lé e, wọ́n ń kọrin rẹ̀ fún un: "Ibi tó ń lọ, ẹ má bèèrè!" Bó bá sì ti kọjá níwájú ilé Ẹtà, Ẹtà á gbé àwo ẹ̀wà rẹ̀ sílẹ̀, á fín imú, á pe àwọn ọmọ rẹ̀, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, òórùn ta ni mò ń gbọ́ yìí?"

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété fi fẹ̀ bí àpò títí dòní, tó jẹ́ pé alẹ́ ló ń jáde, nítorí ojú ń tì í. Kò sì jẹ́ fi ewé kan ṣoṣo dí ojú ẹ̀yìn ilé rẹ̀ mọ́. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ará ìlú má rẹ́rìn-ín jù. Òkété kọ ọ́ lórin sí yín létí láràárọ̀ pé kí ẹ má bèèrè, ẹ̀yin náà ń gbè é pé gbálẹ̀-gbálẹ̀. Láti ọjọ́ náà, oníkálukú ló ń ru tirẹ̀ gun òkè, ọba pàápàá ń rù ú.

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé. Bí mo bá fi irọ́ kan sí i, kí ìgbálẹ̀ gbá mi pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí, kí wọ́n sì gbé mi fún Òkété.